Omi Ilé Wa ní Ògbómọ̀ṣọ́: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Wáyé Lemọ́lemọ́ àti Ìdáhùn Wọn

Kí ló dé tí ọṣẹ kì í hó nínú omi ilé wa?

Omi náà le ni. Bí omi òjò bá wọ inú ilẹ̀, yóò máa yọ́ nǹkan díẹ̀díẹ̀ lára òkúta àti erùpẹ̀ tó ń gbà kọjá. Méjì nínú àwọn nǹkan náà, kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù, ni ọ̀tá ọṣẹ. Bí ọṣẹ bá ti pàdé wọn, yóò dì mọ́ wọn, yóò sì di ìdọ̀tí funfun tó ń léfòó lójú omi, tó tún ń lẹ̀ mọ́ ara báàfù. Ìgbà tó bá dì mọ́ gbogbo wọn tán ni ìyókù ọṣẹ ń ráyè hó. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ fi ń tètè tán nílé tí omi bá ti le.

Mílígíráàmù nínú lítà omi kan ni wọ́n fi ń wọn líle omi. Láti 0 dé 60, omi rọ̀. Láti 61 dé 120, ó le díẹ̀. Láti 121 dé 180, ó le. Èyí tó bá ti ju 180 lọ, ó le gan-an nìyẹn. Òṣùwọ̀n omi mímu ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fi 150 ṣe òpin.

Ṣé gbogbo omi Ògbómọ̀ṣọ́ ló le bẹ́ẹ̀?

Rárá o. Omi ẹ̀rọ tí ìjọba ń fà láti ìsédò Odò Ọbà, omi ojú ilẹ̀ ni. Kò pẹ́ lára òkúta tó omi kànga, nítorí náà ó sábà máa ń rọ̀ jù ú lọ. Bákan náà ni ti Ọ̀yọ́ tó ń lo ìsédò Ẹrẹlú. Omi kànga àti ti bóhóòlù ni ọ̀rọ̀ líle yìí sábà máa ń bá.

Orí òkúta líle àtayébáyé ni Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ̀dó sí. Omi kì í ṣàn lábẹ́ irú ilẹ̀ yìí bí odò. Inú erùpẹ̀ tó wà lórí àpáta àti inú àwọn sísán òkúta ló máa ń sá pamọ́ sí, sísán kan sì lè má mọ èkejì rárá. Ohun tó ń fà á nìyí tí bóhóòlù ilé kan ní àdúgbò Under-G fi lè dára bí omi òjò, tí ti ilé kejì sì máa le, tàbí kó máa pupa. Ẹ má fi èsì àyẹ̀wò omi aládùúgbò yín ṣe tiyín.

Ẹni tó rò pé bí bóhóòlù bá ṣe jìn tó ni omi rẹ̀ ń dára tó, kó má fi owó rẹ̀ ṣòfò. Jíjìn ń dín kòkòrò àrùn kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tó bá pẹ́ lára òkúta ló ń kó èròjà òkúta jù.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ nílé bóyá omi mi le?

Ẹ wá ìgò rọ́bà mẹ́ta tó jọra, kí ẹ fọ̀ wọ́n mọ́. Ẹ bu mílílítà 250 omi yín sí àkọ́kọ́. Ẹ bu omi òjò tó mọ́ sí ìkejì. Sí ìkẹta, ẹ bu omi yín kan náà tí ẹ ti sè fún ìṣẹ́jú 10, tí ó tutù, tí ó sì tòrò. Ẹ rin ọṣẹ ìfọṣọ gbọọrọ díẹ̀, nǹkan bíi ṣíbí tíì kan, kí ẹ yọ́ ọ sínú ife omi òjò gbígbóná kan. Ẹ máa da ọṣẹ yíyọ́ yìí sínú ìgò kọ̀ọ̀kan ní ṣíbí tíì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mi ìgò fún ìṣẹ́jú àáyá 10 lẹ́yìn ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka iye ṣíbí tó gbà kí hóhó ọṣẹ tó lè dúró fún odindi ìṣẹ́jú kan.

Bí omi òjò bá gba ṣíbí kan, tí tiyín gba mẹ́rin tàbí márùn-ún, omi yín le. Bí èyí tí ẹ sè bá gba ọṣẹ tó kéré gan-an sí èyí tí ẹ ò sè, líle tí iná ń ṣẹ́gun ni. Bí méjèèjì bá gba iye kan náà, sísè kò ní ràn yín lọ́wọ́, ẹ lọ ka ìdáhùn tó wà lórí ìfọṣọ nísàlẹ̀.

Ẹ má lo ọṣẹ olómi tí àwọn èèyàn ń pò ládùúgbò fún àyẹ̀wò yìí. Kì í ṣe ọṣẹ gidi tí wọ́n fi òróró sè ni, bí ọṣẹ ẹlẹ́bú ló ṣe rí, ó sì máa ń hó nínú omi líle náà. Yóò tàn yín jẹ.

Ṣé omi líle ń pa èèyàn lára? Wọ́n ní ó ń fa òkúta inú kídìnrín.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kò fi òpin kankan sí líle omi nítorí ìlera. Kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù wà lára ohun tí ara ń lò. Ní ti òkúta kídìnrín, àìmu omi tó lóòrùn ilẹ̀ wa yìí ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tí dókítà bá ti fún ní òfin nípa kálísíọ̀mù, kó tẹ̀ lé òfin dókítà rẹ̀.

Awọ ara lè máa gbẹ, irun sì lè máa ta kókó, nítorí ìdọ̀tí ọṣẹ tó kù lára kì í tètè ṣàn lọ. Ẹ fi igbá omi òjò kan ṣan ara kẹ́yìn, ó tó.

Ohun tó yẹ kó máa ba èèyàn lẹ́rù ni ohun tí ojú kò rí: ìgbẹ́ tó bá omi kànga pàdé. Omi lè rọ̀, kó mọ́ gaara, kí typhoid àti onígbáméjì sì wà nínú rẹ̀.

Èèpá funfun ti bo inú kẹ́tùlù mi. Báwo ni mo ṣe lè ṣí i?

Ẹ̀fun ni èèpá náà. Líle tí iná ń ṣẹ́gun kì í parẹ́, ńṣe ló ń kúrò nínú omi lọ lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Bó bá ti nípọn, iná mànàmáná tí ẹ ń san owó rẹ̀ yóò máa gbóná ẹ̀fun kó tó kan omi, wáyà inú kẹ́tùlù náà yóò sì jó bó bá yá.

Ẹ da fínígà àti omi lọ́gbọọgba sínú rẹ̀ kó bo èèpá náà. Ẹ sè é kó hó, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan. Yóò máa hó yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ bó ṣe ń jẹ ẹ̀fun. Ẹ dà á nù, ẹ fi kànìnkànìn tó rọ̀ nù ún, ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì tún se omi lásán kan dànù. Bí kò bá sí fínígà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú ìdajì lítà omi yóò ṣe é. Ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́.

Ìkìlọ̀ méjì wà níbẹ̀. Bí ìkòkò yín bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ má jẹ́ kí fínígà pẹ́ nínú rẹ̀ ju ìṣẹ́jú 10 lọ, nítorí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìkòkò gan-an. Èkejì, fínígà tàbí omi ọsàn kò gbọdọ̀ pàdé Hypo tàbí Jik láé. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ń jó èèyàn nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ṣé omi ló ń jẹ́ kí ẹ̀wà mi pẹ́ lórí iná?

Ó ṣeé ṣe. Kálísíọ̀mù inú omi líle máa ń so mọ́ ohun tó mú ara ẹ̀wà dì, kì í jẹ́ kó tú. Kán-ún tí àwọn ìyá wa ń sọ sí i ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: sódà inú rẹ̀ ń lé kálísíọ̀mù kúrò nínú omi, ó tún ń tú ara ẹ̀wà fúnra rẹ̀. Fún ife ẹ̀wà méjì, kán-ún tí kò tó ìdajì ṣíbí tíì ti tó. Bó bá pọ̀ jù, yóò ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́, ẹ̀wà yóò sì máa ta bí ọṣẹ lẹ́nu. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di àṣà rárá.

Ohun tó dára jù ni kí ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, kí ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ sì fi omi òjò tàbí omi tí ẹ ti sè tó sì tòrò sè é. Bó bá ṣì le síbẹ̀, ẹ má di ẹ̀bi ru omi. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ jù ní ìsọ̀ kì í rọ̀ bó ti wù kí omi dára tó.

Báwo ni mo ṣe lè fi omi líle fọ aṣọ láìfi ọṣẹ ṣòfò?

Ọṣẹ ẹlẹ́bú ń ṣiṣẹ́ nínú omi líle ju ọṣẹ gbọọrọ àti ọṣẹ dúdú lọ, nítorí kì í dì mọ́ kálísíọ̀mù bíi tiwọn. Bí ẹ bá fẹ́ràn ọṣẹ gbọọrọ, ẹ kọ́kọ́ fi sódà ìfọṣọ tọ́jú omi. Àwọn tó ń ta èlò ọṣẹ ṣíṣe ń tà á ní orúkọ soda ash. Ẹ da ṣíbí tíì kan, nǹkan bíi gíráàmù 5, sínú lítà omi 20. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó fi ọṣẹ kàn án. Ìyẹn tó fún omi tí líle rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 200. Bí ọṣẹ kò bá hó síbẹ̀, ẹ fi ṣíbí tíì kan kún un. Ẹ má lò ó fún aṣọ sílíìkì àti wúùlù, ẹ má sì mu omi náà.

Orí tábìlì kan náà ni wọ́n ti ń ta soda ash àti caustic soda, àwọ̀ funfun kan náà ni wọ́n sì ní. Caustic soda ń bó awọ, ó sì ń fọ́ ojú. Bí ọ̀rá rẹ̀ kò bá ní orúkọ lára, ẹ má rà á.

Omi ìkẹyìn tí ẹ ó fi ṣan aṣọ ló yẹ kó jẹ́ omi òjò. Ìdọ̀tí ọṣẹ tó kù lára aṣọ ló ń mú kí aṣọ funfun di aláwọ̀ eérú, kí táwẹ́ẹ̀lì sì gan bíi pákó.

Omi mi mọ́ nígbà tí mo fà á, àmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti pupa. Kí ló fà á?

Irin ni, kò kan líle omi. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò dé, irin máa ń yọ́ sínú omi, ojú kì í sì í rí i. Bí omi bá ti kan atẹ́gùn, irin náà yóò dípẹtà, yóò sì rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀ pupa. 0.3 mílígíráàmù nínú lítà kan ni òṣùwọ̀n Nàìjíríà gbà láàyè. Bó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwo ìgbọ̀nsẹ̀ yóò máa pupa, tíì Lipton yóò dúdú bí aró, láfún tí wọ́n fi omi náà rẹ sì lè má funfun mọ́. Bí ohun tó ń rọ̀ sísàlẹ̀ bá dúdú dípò kó pupa, manganíìsì ni.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wádìí ibi tí irin ti ń wá. Láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ bu omi tó kọ́kọ́ jáde sínú abọ́ funfun kan. Ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bu sínú abọ́ kejì. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ nìkan ló pupa, páìpù irin yín ló ń dípẹtà, páìpù náà ni kí ẹ pààrọ̀ sí ti rọ́bà. Bí méjèèjì bá pupa, inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀.

Ti inú ilẹ̀, atẹ́gùn ni oògùn rẹ̀. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí korobá kan, kí ẹ gbé e ga ní ìdajì mítà sókè dọ́rọ́ọ̀mù, kí omi máa já gba ibẹ̀ bọ́ sínú dọ́rọ́ọ̀mù bí òjò. Ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Lẹ́yìn náà ẹ da omi tó tòrò lójú gba inú asẹ́ iyanrìn: òkúta wẹ́wẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 nísàlẹ̀, iyanrìn odò tí ẹ ti fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́, sẹ̀ǹtímítà 40, lókè. Bí omi bá ti ń lọ́ra láti kọjá, ẹ gé sẹ̀ǹtímítà 2 òkè iyanrìn kúrò, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ dá a padà. Ọ̀pọ̀ asẹ́ ló ń kùnà nítorí pé wọn ò fọ iyanrìn wọn tán, tàbí nítorí pé wọ́n ń da omi sí i kí irin tó ráyè dípẹtà.

Àbààwọ́n pupa yẹn ti wà lára aṣọ funfun mi.

Ẹ má fi Hypo kàn án! Ńṣe ni yóò jẹ́ kí irin náà dì mọ́ òwú aṣọ pátápátá. Ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ojú àbààwọ́n, ẹ bu iyọ̀ lé e, ẹ sá a sóòrùn fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ ṣan án dáadáa. Ẹ lè tún un ṣe. Fún aṣọ aláwọ̀, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ìṣẹ́tí inú.

Omi ẹ̀rọ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì pupa. Ṣé kí n gbà á sí táǹkì?

Ẹ má tíì gbà á. Bí páìpù bá ṣófo pẹ́, ìpẹtà inú rẹ̀ yóò gbẹ, yóò sì máa bó. Bí omi bá wá já dé pẹ̀lú agbára, yóò gbá gbogbo rẹ̀ bọ̀. Èyí tó burú jù ni pé páìpù tó ṣófo máa ń fa omi ẹ̀gbin wọlé níbi tó bá ti jò, pàápàá níbi tó bá ti gba inú gọ́tà kọjá. Ẹ jẹ́ kó ṣàn títí abọ́ funfun yóò fi fi hàn pé ó ti mọ́, kí ẹ lo èyí tó ti ṣàn dànù fún ìgbálẹ̀ tàbí òdòdó, kí ẹ tó ṣí i sí táǹkì. Omi ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ sè é kí ẹ tó mu ún.

Ẹ̀rọ tí àwọn kan ń dè tààrà mọ́ páìpù ìjọba láti fi fa omi ń dá kún ìṣòro yìí. Ó ń fa ẹ̀gbin wọlé fún gbogbo òpópónà, kì í ṣe fún onílé yẹn nìkan.

Omi funfun bíi mílíìkì ńkọ́? Òórùn bíi Jik ńkọ́?

Ẹ bu omi funfun náà sínú gíláàsì. Bó bá ń mọ́ láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, atẹ́gùn ni, kò léwu. Bó bá ń mọ́ láti òkè lọ sísàlẹ̀, tí nǹkan sì sinmi sí ìdí gíláàsì, erùpẹ̀ tàbí ẹ̀fun ni.

Òórùn bíi Jik díẹ̀, kiloríìnì tí wọ́n fi pa kòkòrò ni. Àmì rere ni. Bí ẹ bá fi omi sílẹ̀ nínú abọ́ tó fẹjú fún wákàtí mélòó kan, yóò lọ. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ni kí ẹ máa fura sí.

Báwo ni a ṣe ń lo álọ́ọ̀mù, kí ni kò sì lè ṣe?

Álọ́ọ̀mù ń kó erùpẹ̀ wẹ́wẹ́ jọ kó lè rọ̀ sísàlẹ̀. Kì í pa kòkòrò, kì í sì í rọ omi tó le. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn mú odindi òkúta álọ́ọ̀mù, kó máa fi po omi títí ó fi sú u. Omi yóò kan, yóò sì máa jẹ páìpù àti ìkòkò.

Ẹ gún un, kí ẹ yọ́ ṣíbí tíì kan, nǹkan bíi gíráàmù 5, sínú ìdajì lítà omi. Ẹ bu mílílítà 60 nínú rẹ̀ sí lítà omi 20. Ẹ rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán. Bí ẹrẹ̀ kò bá tíì rọ̀, ẹ fi mílílítà 20 kún un nígbà tó ń bọ̀. Ẹ rọra bu ti òkè, ẹ má ru ìdí rẹ̀.

Ṣé bí mo bá ti se omi, ó ti tán?

Ní ti kòkòrò àrùn, ó ti tán, bó bá ti hó gidi fún ìṣẹ́jú kan, tí ẹ sì dé e nínú ohun tó mọ́. Kì í mú irin, iyọ̀ tàbí náítíréètì kúrò. Kódà, nítorí omi tó ń fẹ́ lọ, àwọn wọ̀nyí yóò tún pọ̀ sí i nínú èyí tó kù.

Bí gáàsì bá wọ́n, WaterGuard, oògùn apakòkòrò inú omi, ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ tẹ̀ lé ohun tó wà lára ike rẹ̀. Bó bá jẹ́ Hypo tí kò ní òórùn dídùn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3.5 nínú 100, mílílítà 1, ìyẹn nǹkan bí ẹ̀kán 20, ló tó fún lítà omi 20 tó mọ́. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Bí omi bá ṣókùnkùn, ẹ kọ́kọ́ fi álọ́ọ̀mù tàbí asẹ́ mú un mọ́, nítorí ẹrẹ̀ ń jẹ kiloríìnì.

Ṣé omi òjò dára jù gbogbo wọn lọ?

Fún ìfọṣọ, ìwẹ̀ àti ẹ̀wà sísè, bẹ́ẹ̀ ni, kò sí èyí tó rọ̀ tó o. Àmọ́ ẹ má gbe òjò àkọ́rọ̀. Eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ tó ti wà lórí páànù láti oṣù mélòó kan ló ń fọ̀ bọ̀. Lẹ́yìn àkọ́rọ̀ pàápàá, ẹ jẹ́ kí omi tó kọ́kọ́ ṣàn lójoojúmọ́ lọ. Fún òrùlé tó fẹ̀ tó mítà 10 ní 5, ẹ da lítà 50 àkọ́kọ́ nù, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì ńlá méjì. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ sè é tàbí kí ẹ fi kiloríìnì sí i bíi ti kànga.

Báwo ni mo ṣe ń fi kiloríìnì wẹ kànga tàbí táǹkì?

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye omi tó wà nínú rẹ̀. Fún kànga roboto, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ àti jíjìn omi inú rẹ̀ ní mítà. Ẹ fi fífẹ̀ sọ fífẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi jíjìn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 785 sọ ọ́ di púpọ̀. Lítà ni ìdáhùn. Kànga tó fẹ̀ ní mítà 1, tí omi rẹ̀ jìn ní mítà 2, gba lítà 1,570.

Fún lítà 1,000 kọ̀ọ̀kan, ẹ nílò Hypo tí agbára rẹ̀ jẹ́ 3.5 nínú 100, lítà 1 àti ààbọ̀ dín díẹ̀, ìyẹn mílílítà 1,400. Kànga òkè yìí yóò gba lítà 2 àti mílílítà 200. Bó bá jẹ́ kiloríìnì ẹlẹ́bú tí agbára rẹ̀ jẹ́ 65 nínú 100, gíráàmù 80 fún lítà 1,000. Ẹ yọ́ ti ẹlẹ́bú sínú korobá rọ́bà tó kún fún omi, ẹ jẹ́ kó rọ̀, kí ẹ da èyí tó tòrò nìkan sínú kànga.

Ẹ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ fọ ògiri inú kànga àti ìfami. Ẹ fi ìfami ru omi náà pọ̀ dáadáa, ẹ dé kànga, kí ẹnikẹ́ni má fà á fún wákàtí 12 sí 24. Lẹ́yìn náà ẹ máa fà á dànù, kì í ṣe sínú odò tàbí ibi tí ẹja wà, títí òórùn rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti táǹkì, ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ inú ilé títí òórùn yóò fi jáde níbẹ̀ kí ẹ tó ti wọn. Táǹkì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún.

Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga láti fọ ọ́ nígbà tí kiloríìnì wà níbẹ̀. Ọ̀pá gígùn ni kí ẹ fi fọ ògiri rẹ̀. Bí ìdérí kànga bá ṣì ń jò, tí omi àgbàrá sì ń padà wọlé, gbogbo iṣẹ́ yìí kò ní pẹ́ tí yóò fi di òfo.

Báwo ni ṣaláńgá ṣe yẹ kó jìnnà sí kànga tó?

Mítà 30, kí kànga sì wà ní apá òkè ilẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100 tí wọ́n sábà máa ń gé fún wa, gígùn rẹ̀ gan-an kò ju nǹkan bíi mítà 30 lọ. Ẹ lè fi kànga sí iwájú, kí ẹ fi ṣaláńgá sí ẹ̀yìn, kí kòtò ìdọ̀tí aládùúgbò sì wà ní mítà 4 sí kànga yín lẹ́yìn ògiri. Ẹ wo ilé mẹ́ta tó yí yín ká kí ẹ tó gbẹ́ kànga.

Ohun tó ń ti ṣaláńgá jáde ju kòkòrò lọ. Náítíréètì wà níbẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, sísè kò sì ràn án. 50 mílígíráàmù nínú lítà kan ni òpin rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tí wọ́n ń fi omi kànga po mílíìkì fún, ló wà nínú ewu jù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé atẹ́gùn dáadáa mọ́, ètè àti èékánná rẹ̀ yóò sì máa ṣe búlúù. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Bí ẹ kò bá tíì ṣe àyẹ̀wò kànga yín, ẹ má fi omi rẹ̀ po mílíìkì ọmọ tuntun.

Ṣé mo lè fi píọ́ wọ́tà kún bátìrì inverter?

Rárá. Omi tó ṣeé mu kì í ṣe omi bátìrì. Kálísíọ̀mù, irin àti kiloríìnì tó kù nínú rẹ̀ yóò ba àwo inú bátìrì jẹ́. Omi bátìrì tí kò ní èròjà kankan nínú ni kí ẹ rà. Omi òjò pàápàá kò yẹ níbẹ̀, nítorí páànù. Ti rédíétọ̀ mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀, omi líle ń fi ẹ̀fun dí ojú ọ̀nà rẹ̀ bíi ti kẹ́tùlù, nítorí náà ẹ lo coolant.

Kí ni kí n ní kí wọ́n yẹ̀ wò bí mo bá gbé omi lọ sí yàrá ìwádìí?

Ẹ má kàn sọ pé "ẹ bá mi yẹ omi wò." Ẹ béèrè fún pH (bí omi ṣe kan tó), gbogbo líle omi, irin, manganíìsì, náítíréètì, àti E. coli, kòkòrò tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti wọ omi. Bí owó bá kéré, E. coli àti náítíréètì ni kí ẹ fi ṣáájú. Ó yẹ kí E. coli jẹ́ 0 nínú mílílítà 100, kò sí "díẹ̀" níbẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì, irú bíi LAUTECH, ni ẹ lè kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́dọ̀ wọn.

Fún ti E. coli, yàrá ìwádìí ló ń fúnni ní ìgò tí wọ́n ti fi iná wẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì fọwọ́ kan inú ìdérí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú 5, ẹ bu ú, ẹ fi yìnyín yí i ká, kó sì dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín wákàtí 6. Ti àwọn yòókù, ìgò rọ́bà lítà kan àti ààbọ̀ tí ẹ fi omi náà ṣan lẹ́ẹ̀mẹta ti tó, àmọ́ kí ó má jẹ́ èyí tí ohun dídùn ti wà nínú rẹ̀ rí. Ẹ bu omi lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èròjà òkúta sábà máa ń pọ̀, nígbà òjò sì ni ìgbẹ́ ń wọlé.

Ẹnìkan ki irin sínú omi mi, omi di ẹrẹ̀ pupa lójú mi. Ó ní kí n ra asẹ́ òun.

Ẹ má rà á nítorí ìyẹn. Iná mànàmáná ló ń gba inú irin yẹn kọjá, irin náà fúnra rẹ̀ ló sì ń yọ́ di ẹrẹ̀. Omi tí èròjà òkúta wà nínú rẹ̀ ń gbé iná, nítorí náà ó ń pupa. Omi tó ti gba inú asẹ́ rẹ̀ kọjá kò ní èròjà mọ́, kì í gbé iná, nítorí náà kò pupa. Ẹ ní kó bu iyọ̀ díẹ̀ sínú omi asẹ́ rẹ̀, kó tún un ṣe. Yóò pupa náà.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń fi nọ́ńbà TDS hàn kì í purọ́, àmọ́ ohun tó mọ̀ kò pọ̀. Àpapọ̀ ohun tó yọ́ sínú omi ló ń kà. Kò mọ̀ bóyá kálísíọ̀mù ni tàbí iyọ̀, kò sì rí kòkòrò rárá. Omi tí TDS rẹ̀ jẹ́ 80 lè jẹ́ omi ìgbẹ́.

Ṣé ó tó àkókò kí n ra ẹ̀rọ tó ń rọ omi?

Ẹ̀rọ náà ní ike kan tó kún fún hóró wẹ́wẹ́ tó ń gba kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù mọ́ra, tó sì ń fi sódíọ̀mù rọ́pò wọn. Bí hóró náà bá ti kún, omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kó lè tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó máa ra iyọ̀ títí, omi ìfọ̀ yóò máa lọ sí gọ́tà, ẹ̀rọ yóò sì máa fẹ́ iná àti omi tó ń wá déédéé. Bí irin bá wà nínú omi yín, tí ẹ kò sì kọ́kọ́ yọ ọ́, ìpẹtà yóò di hóró náà pa, kò sì ní pẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rọ àwọn kò ṣiṣẹ́, irin ló pa á.

Fún òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìfọṣọ àti ibi tí wọ́n ti ń lo ìgbóná omi ńlá, ó tọ́ bẹ́ẹ̀ bí líle omi bá ti ju 180 lọ. Fún ilé tí èèyàn mẹ́fà ń gbé, táǹkì omi òjò tó dára, ṣíbí sódà ìfọṣọ àti fínígà lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò ná èèyàn tó o. Bí ẹ bá sì pinnu láti rà á, ẹ jẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ kan nínú ilé ìdáná máa gba omi tí kò kọjá nínú rẹ̀, nítorí àwọn tí dókítà ti ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù.